Bí Ògiri Kò Bá Lanu: Èrò lórí Òfin Ilẹ̀ Amẹ́ríkà nípa Ẹ̀bùn, Ohùn àti Owó Àjèjì nínú Òṣèlú

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Òwe yìí ni a fẹ́ fi ṣe àtùpà láti wo ọ̀rọ̀ kan tí ó dà bí ẹni pé ó jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n tí ó sún mọ́ wa ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Ọ̀rọ̀ náà ni akitiyan tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń ṣe fún ohun tí ó lé ní igba ọdún láti fi òfin dá ọwọ́ àjèjì dúró nínú òṣèlú wọn, kí ẹni tí ó wà nípò má baà ta ìlú nítorí ẹ̀bùn, kí owó òkèèrè má sì máa yan olórí fún wọn.

Ó ṣeé ṣe kí òǹkàwé béèrè pé kí ni ti èyí nínú jọ́nà ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá. Ìdáhùn wa pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ní ẹbí àti akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí ó ń gbé ní Amẹ́ríkà, tí àwọn mìíràn nínú wọn kò sì mọ ibi tí òfin yìí fi wọ́n sí. Èkejì ni pé owó ilẹ̀ wa àti orúkọ ìjọba wa wà nínú ìtàn náà. Ẹ̀kẹta, tí ó jẹ́ ti iṣẹ́ wa gan-an, ni pé ọ̀rọ̀ nípa ìtumọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èwo ni ẹ̀bùn, èwo ni àbẹ̀tẹ́lẹ̀? Ta ni ó ń sọ̀rọ̀, ẹnu ta ni ó sì fi ń sọ ọ́? Bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ìtumọ̀, kò yẹ kí olùkọ́ èdè dákẹ́.

Oríṣi ènìyàn méjì ni a máa ń bá pàdé bí ọ̀rọ̀ òṣèlú Amẹ́ríkà bá délẹ̀. Àwọn kan gbà pé kò sí ìwà ìbàjẹ́ lọ́hùn-ún rárá, pé òfin ti pa á run. Àwọn kejì ní àgàbàgebè ni gbogbo rẹ̀, pé olè ni wọ́n bí tiwa, wọ́n kàn mọ bí a ṣe ń fi ìwé bo ojú ni. A kò bá ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì lọ. Èrò tiwa ni pé ohun rere tí ó wà nínú òfin wọ̀nyí kò sí nínú pé wọ́n lé àjèjì jáde. Ó wà nínú pé wọ́n ń fi ipá mú ohun tí ó fara pamọ́ jáde sí gbangba. Níbi tí wọ́n sì ti kùnà, kì í ṣe ọgbọ́n àjèjì ni ó borí wọn. Ọwọ́ onílé ni ó dá ògiri lu.

Ẹ̀bùn Ọba àti Ìwé Òfin

Ní ọdún 1785, Benjamin Franklin parí iṣẹ́ aṣojú tí ó ń ṣe ní ilẹ̀ Faransé, ó ń padà sílé. Gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn ọba ilẹ̀ Yúróòpù nígbà náà, Ọba Louis Kẹrìndínlógún fún un ní ẹ̀bùn ìdágbére: àpótí aṣáà kékeré kan tí àwòrán ọba wà lára rẹ̀, tí a fi dáyámọ́ǹdì 408 yí àwòrán náà ká. Òfin tí ó so àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà pọ̀ nígbà náà ti kọ irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ìjọba. Franklin kò fi ẹ̀bùn náà pamọ́. Ó gbé e wá síwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin, wọ́n sì fún un láyè láti mú un.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ àpótí náà kò kúrò lọ́kàn àwọn ènìyàn. Nígbà tí wọ́n jókòó ní Philadelphia ní ọdún 1787 láti kọ Ìwé Òfin tuntun, wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá di ipò ìjọba mú kò gbọdọ̀ gba ẹ̀bùn, owó, oyè tàbí ipò kankan lọ́wọ́ ọba, ọmọ ọba tàbí ìjọba ilẹ̀ òkèèrè, àfi bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bá fọwọ́ sí i. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ní ìpàdé tí àwọn ará Virginia ṣe láti gba Ìwé Òfin náà wọlé, Edmund Randolph là á yé wọn pé àpótí tí ọba kan fún aṣojú wọn ni ó fa gbólóhùn yìí.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe àkíyèsí ohun tí òfin yìí kò béèrè. Kò béèrè bóyá Franklin ṣe nǹkan kan fún ọba Faransé. Kò béèrè ohun tí ó wà lọ́kàn olùfúnni tàbí lọ́kàn olùgbà. Ẹ̀bùn náà fúnra rẹ̀ ni ó dí mú, títí tí àwọn aṣojú ìlú yóò fi rí i tí wọn yóò sì sọ̀rọ̀ sí i. Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá kò ní pẹ́ rí ọgbọ́n inú rẹ̀. Bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà ‘àbẹ̀tẹ́lẹ̀’ palẹ̀, ‘bẹ̀’ àti ‘tẹ́lẹ̀’ ni a óò rí nínú rẹ̀: ohun tí a fi bẹ ènìyàn sílẹ̀ de ọjọ́ tí a óò nílò rẹ̀. Ẹni tí ó gbà á lónìí lè má tíì ṣe nǹkan kan. Ọ̀la ni iṣẹ́ rẹ̀ ń bọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ní ẹnu tí ó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Wọn kò ní ẹnu náà ti parọ́. Wọ́n ní kò lè sọ òdodo mọ́.

Òfin náà kò dùbúlẹ̀ sínú ìwé lásán. Ní ọdún 1830, Simón Bolívar, akọni tí ó gba apá púpọ̀ nínú Gúúsù Amẹ́ríkà sílẹ̀, fi àmì-ẹ̀yẹ wúrà ránṣẹ́ sí Ààrẹ Andrew Jackson. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kò gbà kí ó di tirẹ̀. Ọwọ́ ìjọba ni ó wà. Ní ọdún 1862, nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà lọ́wọ́, Abraham Lincoln kọ̀wé dúpẹ́ lọ́wọ́ ọba Siam fún idà àti eyín erin tí ó fi ránṣẹ́, ó sì ṣàlàyé fún un pé òfin kò jẹ́ kí ààrẹ sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ di ohun ìní ara rẹ̀. Ó ti kó wọn sí ibi tí ìjọba ń tọ́jú nǹkan ìrántí sí. Nígbà tí ó yá, ilé aṣòfin ṣe òfin kan ní ọdún 1966, wọ́n sì tún un ṣe ní 1977, tí ó fi iye lé ohun tí òṣìṣẹ́ ìjọba lè gbà fún ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí. Ní ọdún 2023, iye náà jẹ́ $480. Ohun tí ó bá ju iye tí òfin fi lélẹ̀ lọ, ti ìlú ni.

Ohùn Ta Ni À Ń Gbọ́?

Ọ̀nà kejì tí àjèjì ń gbà wọ òṣèlú ìlú ni ẹnu. Kò fúnni ní nǹkan. Ó kàn ń háyà ọmọ onílùú tí ọ̀rọ̀ dá lẹ́nu rẹ̀ láti máa bá a sọ ohun tí ó fẹ́ kí ìlú gbọ́. Ní ọdún 1934, ìgbìmọ̀ kan ní ilé aṣòfin Amẹ́ríkà pe Ivy Lee, ògbóǹtarìgì nínú iṣẹ́ ìpolówó orúkọ, láti wá jẹ́rìí. Ó hàn gbangba pé ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní Jámánì, I.G. Farben, ń sanwó fún un, ó sì ń gbà wọ́n nímọ̀ràn lórí bí àwọn ará Amẹ́ríkà yóò ṣe fi ojú rere wo Jámánì tí Hitler ń ṣàkóso. Irú ìwádìí báyìí ni ó bí òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 1938, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí FARA.

Ọ̀pọ̀ ni ó rò pé FARA fòfin de kí ènìyàn ṣiṣẹ́ fún ìjọba òkèèrè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó sọ ni pé ẹnikẹ́ni tí ó bá gbà láti ṣe aṣojú ìjọba, ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí ẹlòmíràn ní ilẹ̀ òkèèrè nínú ọ̀rọ̀ òṣèlú Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́ láàárín ọjọ́ 10. Ó gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí ó rán an, iye tí wọ́n ń san fún un àti iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Lóṣù mẹ́fàmẹ́fà ni yóò máa sọ àwọn tí ó bá sọ̀rọ̀. Ìwé tí ó bá sì pín fún àwọn ènìyàn gbọ́dọ̀ ní àkọlé tí ó fi hàn pé iṣẹ́ ará òkèèrè ni ó ń jẹ́. Ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ tẹ òfin yìí lójú lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún.

Bí a bá fẹ́ ṣàlàyé òfin yìí fún akẹ́kọ̀ọ́ wa, a kò nílò láti lọ yá àpẹẹrẹ níbòmíràn. Ní ayé ìjọba Ọ̀yọ́, ìlàrí ni Aláàfin máa ń rán níṣẹ́ sí àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Apá kan orí ìlàrí ni wọ́n máa ń fá, tí wọ́n á dá apá kejì sí. Ibikíbi tí ó bá dé, kí ó tó lanu sọ̀rọ̀, ará ìlú ti mọ̀ pé ẹnu ọba ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń bọ̀. Wọ́n lè gba iṣẹ́ náà, wọ́n sì lè fi inú kùn sí i, ṣùgbọ́n kò lè tàn wọ́n jẹ pé èrò ara òun ni òun ń sọ. Ohun tí FARA ń béèrè lọ́wọ́ aṣojú òkèèrè kò ju èyí lọ: kí ó fá apá kan orí rẹ̀.

Ibi tí òfin yìí ti kan àwa fúnra wa nìyí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014 ni wọ́n jí àwọn ọmọbìnrin 276 gbé ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Chibok. Nígbà tí igbe àwọn òbí wọn gba gbogbo ayé kan, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gba ilé-iṣẹ́ kan ní Washington, Levick, láti bá wọn tún orúkọ ṣe lójú àwọn ará Amẹ́ríkà, ní owó tí ó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Báwo ni aráàlú ṣe mọ iye náà? Kì í ṣe láti Àbújá. Levick forúkọ sílẹ̀ bí FARA ti wí, ìwé àdéhùn náà bọ́ sí gbangba ní Washington, àwọn oníròyìn kà á, ìròyìn sì dé ilé. Ó yẹ kí èyí fún wa ní ìrònú. Òfin tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe nítorí Hitler ni ó sọ fún òbí tí ń sunkún ní Chibok iye tí ìjọba rẹ̀ fẹ́ ná lórí ọ̀rọ̀ dídùn.

Owó Ìdìbò

Ọ̀nà kẹta ni owó ìpolongo ìbò. Láti ọdún 1966 ni òfin Amẹ́ríkà ti kọ́kọ́ dí ọ̀nà fún àwọn aṣojú òkèèrè láti dá owó fún olùdíje. Ní ọdún 1974 wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé ọ̀dọ̀ gbogbo àjèjì. Ní ọdún 2002, òfin tí àwọn aṣòfin àgbà John McCain àti Russell Feingold ṣe agbátẹrù rẹ̀ tún mú un le sí i. Bí ó ti wà báyìí, ẹni tí kì í ṣe ọmọ onílùú kò gbọdọ̀ dá owó, kò sì gbọdọ̀ ṣèlérí owó, fún ìdìbò kankan, ìbáà ṣe ti ààrẹ tàbí ti ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò. Ẹni tí ó bá gba irú owó bẹ́ẹ̀ náà jẹ̀bi.

Òfin yọ ẹnìkan sílẹ̀: ẹni tí ó ní ìwé ìgbélùú títí láé, èyí tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní gíríìnkáàdì. Kò lè dìbò, ṣùgbọ́n ó lè dá owó. Ẹni tí ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti òṣìṣẹ́ kò lè ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Agbẹjọ́rò kan tí ó jẹ́ ọmọ Kánádà àti dókítà kan pe òfin yìí lẹ́jọ́. Wọ́n ní àwọn ń gbé ìlú náà lábẹ́ òfin, àwọn ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí ló dé tí àwọn kò lè fi owó díẹ̀ ran ẹni tí àwọn fẹ́ lọ́wọ́? Ní ọdún 2011, àwọn adájọ́ mẹ́ta dá wọn lóhùn pé ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti fi àwọn tí kì í ṣe ara rẹ̀ sí ẹ̀yìn nínú iṣẹ́ yíyan olórí. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fọwọ́ sí ìdájọ́ náà ní ọdún 2012.

Kí àwọn tí wọ́n ní ẹbí ní Houston, Maryland tàbí New York fi etí sí ibi yìí dáadáa. Nínú àṣà wa, kò sí ohun tí ó burú nínú pé kí ẹ̀gbọ́n ní Ìbàdàn fi owó ránṣẹ́ sí àbúrò kí ó bá òun ná an níbi ìnáwó ọ̀rẹ́. Àjọṣe ni. Ṣùgbọ́n bí ìnáwó náà bá jẹ́ ti olùdíje, tí àbúrò sì fi orúkọ ara rẹ̀ dá owó tí ó ti ilé wá, ìwà ọ̀daràn ni lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, kódà bí àbúrò ti di ọmọ onílùú. Ẹ̀ṣẹ̀ méjì ni ó wà níbẹ̀: owó àjèjì, àti orúkọ tí a fi bo olówó.

Àpẹẹrẹ tí ó tóbi jù wà nílẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́ Amẹ́ríkà kéde pé Gilbert Chagoury, oníṣòwò tí a bí sí Èkó, tí ilé-iṣẹ́ ìdílé rẹ̀ ń kọ́ Eko Atlantic sórí òkun, ti gbà pé nǹkan bí $180,000 owó òun ni ó gba ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn dé ọ̀dọ̀ olùdíje mẹ́rin. Ó san $1.8 mílíọ̀nù, ìjọba sì dá ẹjọ́ rẹ̀ dúró lábẹ́ àdéhùn. Ọ̀kan nínú àwọn tí owó náà dé ọ̀dọ̀ wọn ni Jeff Fortenberry, aṣojú-ṣòfin láti Nebraska, tí ó rí $30,000 gbà níbi àpèjọ kan ní Los Angeles ní ọdún 2016. Nígbà tí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ FBI bi í léèrè, wọ́n ní ó parọ́ fún wọn. Ìgbìmọ̀ onídàájọ́ dá a lẹ́bi ní oṣù kẹta ọdún 2022, ó sì fi ipò sílẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé e, nítorí pé California kọ́ ni ó ti sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n pè ní irọ́. Wọ́n tún gbé ẹjọ́ náà dìde ní Washington ní ọdún 2024. Nígbà tí ó di ọdún 2025, ìjọba pa á tì.

Òǹkàwé yóò rí i pé ìtàn kan ṣoṣo yìí ní ojú méjèèjì. Òfin ríran: ó rí owó tí ó gba ọ̀nà kọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó yẹ kí ó mú ẹni tí ojú rí kò dúró lójú kan.

Ibi tí Ògiri ti Lanu

Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani. Nínú ìwádìí ọdún 1934 tí a mẹ́nu bà lókè, Samuel Dickstein jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn méjì tí wọ́n ṣe aṣáájú rẹ̀. Ó fi gbogbo ẹnu kígbe lórí ọwọ́ Jámánì nínú òṣèlú Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, nígbà tí àwọn aṣèwádìí ráyè ka àkọsílẹ̀ àwọn amí Soviet, wọ́n rí i, wọ́n sì gbé e jáde nínú ìwé ní ọdún 1999, pé Dickstein fúnra rẹ̀ ti gba owó lọ́wọ́ Soviet. Ẹni tí a fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ń gba owó lójú fèrèsé.

Ní ti owó ìbò, àjọ tí ó yẹ kí ó máa mú ẹlẹ́ṣẹ̀ ni FEC. Ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́fà ni òfin fi sí i, ẹgbẹ́ òṣèlú kan kò sì gbọdọ̀ ní ju mẹ́ta lọ. Wọn kò lè gbé ìgbésẹ̀ pàtàkì kan àyàfi bí ẹni mẹ́rin bá fohùn ṣọ̀kan. Ó rọrùn láti rí ohun tí èyí ń bí: mẹ́ta níhìn-ín, mẹ́ta lọ́hùn-ún, ẹjọ́ sì dùbúlẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù karùn-ún ọdún 2025, àwọn tí ó kù lórí àga kò tilẹ̀ pé mẹ́rin mọ́. Àjọ yìí kan náà ni ó sọ ní ọdún 2021 pé òfin tí ó lòdì sí owó àjèjì kò ká ìdìbò tí aráàlú fi ń gba àbá òfin wọlé tàbí tí wọ́n fi ń kọ̀ ọ́. Àwọn ìpínlẹ̀ kan sì ní láti ṣe òfin tiwọn. Lẹ́yìn ìdájọ́ Citizens United ní ọdún 2010, àwọn ẹgbẹ́ tí kì í sọ orúkọ àwọn tí ń dá owó fún wọn ń ná owó púpọ̀ lórí ìbò. Bí orúkọ kò bá sí, ta ni yóò mọ ibi tí owó ti wá?

Kò sí ẹgbẹ́ òṣèlú tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ pátápátá. Lẹ́yìn ìdìbò ọdún 1996, ẹgbẹ́ Democrat dá owó tí ó lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là padà nítorí pé orísun rẹ̀ kò mọ́. Paul Manafort, tí ó ṣe olórí ìpolongo Donald Trump fún ìgbà díẹ̀ ní ọdún 2016, gbà ní ọdún 2018 pé òun jẹ̀bi, tí iṣẹ́ tí ó ṣe fún àwọn olóṣèlú Ukraine láìforúkọ sílẹ̀ sì wà lára ẹ̀ṣẹ̀ náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ààrẹ dárí jì í. Robert Menendez, ọmọ ẹgbẹ́ Democrat láti New Jersey, tí ó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin àgbà lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ni wọ́n bá wúrà àti owó rẹpẹtẹ nínú ilé rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2024, òun ni aṣòfin àgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n dá lẹ́bi pé ó ṣe aṣojú ìjọba òkèèrè, ìyẹn ìjọba Íjíbítì. Ẹ̀wọ̀n ọdún 11 ni wọ́n dá fún un ní ọdún 2025.

Ní ti ẹ̀bùn, àwọn kan pe Ààrẹ Trump lẹ́jọ́ láti ọdún 2017 pé owó tí àwọn ìjọba òkèèrè ń san ní òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ní Washington lòdì sí gbólóhùn tí àpótí Franklin bí. Kí ẹjọ́ náà tó yanjú, sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ ti parí. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì ní ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021 pé kò sí ohun tí a ń dá lẹ́jọ́ mọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ ètò ààbò gba ọkọ̀ òfuurufú Boeing 747 kan lọ́wọ́ Qatar fún ìlò ààrẹ. Ìjọba ní ìlú ni wọ́n fún, kì í ṣe ènìyàn kan, nítorí náà kò lòdì sí òfin. Àwọn alátakò ní kí wọ́n gbé e wá síwájú ilé aṣòfin bí Franklin ti ṣe. Ilé aṣòfin kò dìbò lórí rẹ̀. Lójú tiwa, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Àpótí aṣáà dé iwájú ìgbìmọ̀. Ọkọ̀ òfuurufú kò dé ibẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2025 kan náà, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba kọ̀wé pé kí wọ́n dín ẹjọ́ ọ̀daràn FARA kù sí èyí tí ó bá jọ iṣẹ́ amí nìkan, wọ́n sì tú ikọ̀ FBI tí ń ṣọ́ ọwọ́ àjèjì ká.

Àtakò Kan

A kò gbọdọ̀ fojú fo ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n ní irú òfin báyìí lè di kùmọ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ẹlẹ́rìí wọn sì jẹ́ ẹni tí Áfíríkà mọ̀. Ní ọdún 1951, ìjọba Amẹ́ríkà fi FARA mú W.E.B. Du Bois, ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, nítorí pé ó ń kó ìbuwọ́lùwé jọ lòdì sí àdó olóró átọ́míìkì. Wọ́n ní aṣojú òkèèrè ni, kò sì forúkọ sílẹ̀. Adájọ́ dá a sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún náà nítorí pé kò sí ẹ̀rí. Síbẹ̀, wọ́n gba ìwé ìrìnnà rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Accra ni ó ti kú ní ọdún 1963. Ní Rọ́ṣíà, òfin ‘aṣojú òkèèrè’ tí wọ́n ṣe ní ọdún 2012 ti di ohun tí wọ́n fi ń pa oníròyìn àti ẹgbẹ́ aráàlú lẹ́nu mọ́.

Kí ni ó ya òfin méjèèjì sọ́tọ̀? Èrò wa ni pé òfin rere ń béèrè ẹni tí ó rán ènìyàn níṣẹ́, ó sì ń béèrè ẹ̀rí. Òfin búburú ń fi ìyà jẹ ohun tí ènìyàn sọ. Ìlàrí ń fá orí kí a lè mọ ọ̀gá rẹ̀. Bí ọba bá wá ń fi ipá fá orí ẹnikẹ́ni tí kò bá fẹ́ràn òun, àmì náà kò ní ìtumọ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí á fi òfin yìí sílẹ̀ fún àwọn alágbára nìkan. Ẹ̀kọ́ Du Bois ni pé adájọ́ tí ó dúró ṣinṣin ṣe pàtàkì tó òfin fúnra rẹ̀.

Ìkádìí

Nínú gbogbo ohun tí a ti sọ, ìmọ̀ràn mẹ́ta ni a ní fún ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Àkọ́kọ́, kí á máa ka ìwé tí FARA ń mú jáde. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ohun tí ìjọba wa àti àwọn olóṣèlú wa ń sanwó láti sọ ní Washington sì wà nínú rẹ̀. Ohun tí wọn kò sọ fún wa nílé, a lè kà á níbẹ̀.

Èkejì, kí á fi èdè wa kọ́ni ní ọ̀rọ̀ yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀bùn tí a fún ènìyàn ní gbangba àti àbẹ̀tẹ́lẹ̀, tí ó mọ ìdí tí wọ́n fi ń fá orí ìlàrí, ti mọ ìpìlẹ̀ òfin Amẹ́ríkà lórí ọ̀rọ̀ yìí, bí kò tilẹ̀ tíì ka gbólóhùn kan nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á máa lo ‘aṣojú òkèèrè’, ‘ọrẹ ìpolongo’ àti ‘ìforúkọsílẹ̀ ní gbangba’ nínú kíláàsì àti nínú ìdánwò, kí òṣèlú má baà máa jẹ́ ohun tí èdè Yorùbá kàn ń gbọ́ lẹ́yìn ògiri.

Ẹ̀kẹta, kí á má ṣe fi àṣìṣe ẹlòmíràn tu ara wa nínú. Bí Amẹ́ríkà bá ń sọ ọwọ́ òfin rẹ̀ di ọ̀lẹ, kò sọ òfin náà di òmùgọ̀. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré, ṣùgbọ́n ẹṣin tí ó gbọ́n a máa wo ibi tí ti iwájú ti kọsẹ̀ pẹ̀lú. Ìwé òfin wọn ń bọ̀ wá láti ọdún 1787, aláǹgbá kò sì yé wá. Iṣẹ́ onílé ni láti máa rẹ́ ògiri rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ó sì mọ orúkọ ẹni tí ó fi òòlù sí i.